Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Inú Àpótí Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé àpótí kékeré kan wà nínú ilé yín tí iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú tọ̀sán-tòru. Ó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì lè wà lábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí ẹni tí ó wá so ó gbé e sí. Bí àwọn iná náà bá ń tàn bí ó ti yẹ, kò sí ẹni tí í bìkítà fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá kú ni ilé ń di ariwo: ọmọ kò lè ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ìyá kò rí àwọn ará ilé ní Ìbàdàn bá sọ̀rọ̀, bàbá kò rí owó iná san. Nígbà náà ni ẹ óò pe ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún, ọ̀dọ́ kan yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò yín. Rúútà ńkọ́? Módẹ́ẹ̀mù ńkọ́? Ṣé Wi-Fi ni tàbí wáyà? Kí ni àdírẹ́ẹ̀sì IP yín? Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tán.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ènìyàn àwùjọ ni mo ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, mo sì ti rí i pé àìmọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń ná àwọn àgbàlagbà wa ní ohun tí ó ju owó lọ. Èyí ni ó mú mi kọ ìtàn yìí. Ìtàn ni mo sì fẹ́ sọ, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, nítorí pé ìṣòro kan ni ó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó bá sì mọ ìṣòro tí ó bí ọ̀rọ̀ kan kì í tètè gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí tẹlifóònù àtijọ́. Nígbà tí ẹnì kan ní Peckham bá pe ẹlòmíràn ní Manchester, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù a ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún àwọn méjèèjì, láti ẹnu ẹni àkọ́kọ́ títí dé etí ẹni kejì. Bí wọ́n sọ̀rọ̀, bí wọ́n dákẹ́, tiwọn ni ọ̀nà náà títí wọn yóò fi gbé e kalẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bá lé gbogbo ọkọ̀ kúrò ní òpópónà Ìbàdàn sí Èkó nítorí ọkọ̀ ọba kan ṣoṣo. Ohun rere kan wà nínú ètò náà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò kíyè sí. Iná tí ó ń gbé tẹlifóònù ṣiṣẹ́ kì í ṣe iná ilé. Láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ti ń bọ̀, nínú wáyà kan náà tí ohùn ń gbà, bátìrì ńláńlá sì wà lọ́hùn-ún tí ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, bí iná àdúgbò bá tilẹ̀ lọ, tẹlifóònù kì í kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí a óò padà sí i.

Ìdọ̀tí ètò náà kò pẹ́ hàn nígbà tí kọ̀ǹpútà dé. Kọ̀ǹpútà kì í sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. A máa sọ̀rọ̀ kíákíá, a sì tún dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, a tún sọ̀rọ̀. Láti ti odidi ọ̀nà pa nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìnákúnàá ni. Ìṣòro kejì sì jẹ́ ti ogun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1970, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń na bọ́ǹbù sí ara wọn lójú, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Paul Baran ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí RAND ní California. Ilẹ̀ Poland ni a ti bí i ní ọdún 1926, kí àwọn òbí rẹ̀ tó gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré. Baran bi ara rẹ̀ pé: bí bọ́ǹbù kan bá bà lé àárín gbùngbùn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, báwo ni àwọn tí ó kù yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí á má ṣe ní àárín gbùngbùn rárá. Ó ya àwòrán kan tí ó dà bí àwọ̀n apẹja gẹ́lẹ́: bí okùn kan bá já, ọ̀nà mìíràn ṣì wà láti ojú kan dé ojú kejì. Àwọ̀n náà ni ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, network, tí a ń pè ní ìsokọ́ra.

Baran tún sọ pé kí á gé ìsọfúnni sí wẹ́wẹ́, kí á jẹ́ kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ní ọdún 1964 ni RAND tẹ àkójọ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T kò fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ̀nà tiwọn, ta ni yóò wá sọ fún wọn pé kò dára tó?

Nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, ọmọ ilẹ̀ Wales kan, Donald Davies, dá irú èrò náà rò ní ọdún 1965, láìmọ ohun tí Baran ti kọ. Ilé ìwádìí ìjọba tí ń jẹ́ National Physical Laboratory ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ní Teddington, ìlú kan ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù London tí àwọn kan nínú yín ń gba ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tí ó wù mí jù nínú ìtàn Davies ni bí ó ṣe wá orúkọ fún àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ náà. Kò kàn mú orúkọ èyíkéyìí. Ó lọ bá onímọ̀ èdè, ó fẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí àwọn elédè mìíràn náà yóò rí pè ní èdè tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí ó mú ni packet. Kí á sọ òtítọ́, kì í ṣe gbogbo àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni í ronú kan elédè mìíràn kí wọ́n tó sọ nǹkan lórúkọ. Ní ti àwa Yorùbá, ìdì ni ó jẹ́, bí ìdì ẹrù.

Ẹ wò ó báyìí. Bí ìyá àgbà kan bá ń kó kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Òṣogbo, tí kò sì rí ọkọ̀ tí ó lè gba gbogbo ẹrù rẹ̀, yóò di í ní ìdì-ìdì. Yóò kọ orúkọ ẹni tí ó ń gbé e lọ fún sí ara ìdì kọ̀ọ̀kan, yóò kọ ti ara rẹ̀, yóò sì fún un ní nọ́ńbà: ìkínní nínú ogójì, ìkejì nínú ogójì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ kan lè gba Ìbàdàn, òmíràn lè gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ìdì kẹwàá lè dé ṣáájú ìkẹta. Kò burú. Ọmọ tí ó wà ní Òṣogbo yóò tò wọ́n bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn, bí ó bá sì rí i pé ìkẹtàdínlógún kò dé, yóò ránṣẹ́ padà pé kí wọ́n fi òmíràn ṣọwọ́. Bí àwòrán ọmọ-ọmọ yín ṣe ń ti Toronto dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn. Nígbà tí àwòrán ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá sì gé ní wẹ́wẹ́ lójú yín, àwọn ìdì kan ni kò tètè dé.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni ọjọ́ tí a lè pè ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ìsokọ́ra ńlá náà. ARPA, ẹ̀ka ìwádìí kan lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà, ni ó náwó sí i, wọ́n sì ń pè é ní ARPANET. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń sọ pé nítorí bọ́ǹbù ni wọ́n ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti bọ́ǹbù ni iṣẹ́ Baran. Àwọn ARPA ní tiwọn kàn fẹ́ kí àwọn yunifásítì lè jọ máa lo kọ̀ǹpútà tí ó wọ́n bí ojú ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Charley Kline jókòó sí yunifásítì UCLA ní Los Angeles, ó fẹ́ kọ "LOGIN" ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan ní ilé ìwádìí SRI, ní ibi tí ó lé ní 500 kìlómítà sí i. Ó tẹ L, ó dé. Ó tẹ O, ó dé. Ó tẹ G, kọ̀ǹpútà dákú. Nítorí náà, "LO" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba orí ìsokọ́ra náà kọjá. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí gbogbo rẹ̀ ṣe. Bí ti ilé yín bá ń dákú, ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson fi àmì @ sí àárín orúkọ ẹni àti orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ímeèlì fi di ohun tí ń lọ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ní ọdún 1973, Peter Kirstein so yunifásítì UCL ní London mọ́ ọn. Nígbà tí ó di oṣù kẹta ọdún 1976, Ọbabìnrin Elizabeth fúnra rẹ̀ fi ímeèlì ránṣẹ́ láti ilé ìwádìí kan ní Malvern. HME2 ni orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti lò.

Ní àkókò yẹn, oríṣiríṣi ìsokọ́ra ti ń yọ jáde, oníkálukú sì ń sọ èdè tirẹ̀. Èyí tí ń gba wáyà kò gbọ́ ti èyí tí ń gba afẹ́fẹ́, èyí tí ń gba sátẹ́láìtì kò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1974 ni Vint Cerf àti Bob Kahn tẹ ìwé kan jáde tí ó sọ bí gbogbo wọn yóò ṣe máa bá ara wọn lò: kí ìsokọ́ra kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀ nínú ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fẹnu kò sórí bí a óò ṣe máa kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí ara ìdì, kí ẹnì kan sì dúró sí ẹnu ibodè láàrin méjì. Ìlànà wọn ni a mọ̀ sí TCP/IP, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 ni gbogbo ARPANET sì yí padà sí i. Ìsokọ́ra àárín àwọn ìsokọ́ra ni íntánẹ́ẹ̀tì túmọ̀ sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó dúró sí ẹnu ibodè yìí ni rúútà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó mú ìdì kan, kí ó ka àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀, kí ó sì tọ́ka sí ọ̀nà tí yóò gbà. Kò mọ gbogbo ìrìn àjò náà; oríta tí ó kàn ni ó mọ̀. Àwọn òǹkàwé wa ní Brazil àti Cuba yóò ti rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ ẹni tí Yorùbá ń pè ní onílé oríta. Ní ọdún 1984, Leonard Bosack àti Sandy Lerner, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Stanford, dá ilé-iṣẹ́ Cisco sílẹ̀, rúútà títà ni ó sì sọ ilé-iṣẹ́ náà di ńlá. Rúútà ìgbà náà kì í ṣe ohun tí à ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rọ ńlá ni, yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ ni ó ń rà á.

Ní ti módẹ́ẹ̀mù, ó dàgbà ju gbogbo àwọn wọ̀nyí lọ. Wáyà tẹlifóònù, ohùn ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún, kọ̀ǹpútà kò sì ní ohùn. Módẹ́ẹ̀mù ni ògbufọ̀ tí ń sọ nọ́ńbà di ohùn ní ìhín, tí òmíràn sì ń sọ ohùn di nọ́ńbà padà lọ́hùn-ún. Èyí tí AT&T gbé jáde ní ọdún 1962 ń sáré ní 300 bit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; nígbà tí ó fi di ọdún 1998, ó ti tó 56,000. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín ní àkókò náà kò ní gbàgbé igbe rẹ̀, bí ológbò tí ń jà nínú agolo, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní gbàgbé pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé tẹlifóònù ní ilé ìdáná, gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn. Lónìí, inú àpótí kan náà pẹ̀lú rúútà ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, èyí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ mọ̀ pé ẹni méjì ni wọ́n. Ní ilé tí okùn dígí ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọlé, àpótí kékeré mìíràn tí a kàn mọ́ ògiri ni ó ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ náà. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín pé èwo ni iná rẹ̀ pupa, ẹ kọ́kọ́ wo iye àpótí tí ẹ ní.

Wi-Fi ńkọ́? Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Hawaii. Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ fẹ́ so àwọn kọ̀ǹpútà tí omi òkun yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n sì lo rédíò. Ní ọdún 1971 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orí afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ti ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí alága tí yóò sọ pé ó kan lágbájá. Kí ni wọ́n ṣe? Ohun tí àwọn àgbà máa ń ṣe nínú ìpàdé ẹbí ni. Bí ẹni méjì bá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì yóò dákẹ́, ẹnì kìíní yóò dúró díẹ̀, ẹnì kejì yóò dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí sùúrù rẹ̀ kọ́kọ́ tán yóò sì sọ tirẹ̀. Ní ọdún 1973, Robert Metcalfe mú èrò yìí sínú wáyà ní ilé ìwádìí Xerox ní California, ó sì pè é ní Ethernet. Òun ni wáyà tí ẹ ń kì bọ ẹ̀yìn rúútà yín títí di òní. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà sì ti ṣí apá kan ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1985 fún ẹnikẹ́ni láti lò láìgba ìwé àṣẹ, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbé ìlànà rédíò kan kalẹ̀ ní ọdún 1997 tí wọ́n pè ní 802.11. Ta ni yóò ra ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1999, wọ́n gbà àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa fún ọjà lórúkọ, àwọn yẹn sì mú "Wi-Fi" wá. Kò ní ìtumọ̀ kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ti jiyàn títí ọ̀fun wọn fi gbẹ.

Rédíò ni Wi-Fi, ẹ má ṣe gbàgbé. Kò fẹ́ràn ògiri bíríkì nínípọn, kò sì fẹ́ràn kí á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò máíkírówéfù, nítorí ojú afẹ́fẹ́ tí àwọn méjèèjì ń lò súnmọ́ ara. Wi-Fi kì í sì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni ọ̀nà láti yàrá yín dé ìdí rúútà. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà láti ìdí rúútà dé gbogbo ayé. Ọ̀kan lè kú kí èkejì wà láàyè, ọ̀pọ̀ ìjà láàrin bàbá àti ọmọ ni kò bá sì ti ṣẹlẹ̀ bí a bá mọ̀ èyí.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí àdírẹ́ẹ̀sì, nítorí ibẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì fara pamọ́ sí. Àwọn tí ó ṣètò TCP/IP fún gbogbo kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà, irú èyí tí a pín sí mẹ́rin pẹ̀lú àmì ìdánudúró láàrin. Iye tí ètò náà lè gbà jẹ́ 4,294,967,296. Lójú wọn, ó pọ̀ ju ohun tí ayé lè lò tán lọ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2011, àká àgbáyé tí wọ́n ti ń pín àwọn nọ́ńbà náà ṣófo. Wọ́n ti ṣe ètò tuntun kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò lè tán, IPv6 ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ gba ayé là ni ọgbọ́n kan tí ẹ̀yin náà ti lò rí. Ẹ rántí ìgbà tí à ń kọ lẹ́tà sí ilé. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò ní àpótí ìfìwéránṣẹ́ tiwọn, nítorí náà a óò kọ orúkọ ẹni tí a fẹ́, a óò sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé nípasẹ̀ lágbájá, kí á tó kọ nọ́ńbà àpótí ilé-iṣẹ́ lágbájá. Lágbájá ni yóò pín in fún oníkálukú nínú agboolé. Ohun tí rúútà yín ń ṣe gan-an nìyẹn láti nǹkan bíi ọdún 1994 tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ni ayé mọ̀ fún ilé yín. Nínú ilé, rúútà ń fún tẹlifóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n ní nọ́ńbà abẹ́lé, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.

Àwọn nọ́ńbà abẹ́lé wọ̀nyí, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1996, kò ní ìtumọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín. Ó dà bíi "yàrá kejì lápá òsì". Àìmọye agboolé ní ayé ni ó ní yàrá kejì lápá òsì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín tí ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé òun ń pè láti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, pé àwọn ọ̀daràn ti wọ inú 192.168.1.1 yín, kí ẹ wá ṣí kọ̀ǹpútà yín kí òun lè bá yín tún un ṣe, ẹ mọ̀ pé ohun tí ó sọ bá ilé àìmọye ènìyàn mu. Ẹ gbé e kalẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Nọ́ńbà ṣòro láti rántí, nítorí náà ni a ṣe ní orúkọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo orúkọ kọ̀ǹpútà orí ìsokọ́ra wà, ní ilé ìwádìí SRI, lábẹ́ àbójútó Elizabeth Feinler àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tuntun yóò pè wọ́n, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Nígbà tí orúkọ pọ̀ ju agbára wọn lọ, Paul Mockapetris gbé ètò DNS kalẹ̀ ní ọdún 1983, tí ó pín iṣẹ́ náà: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń bójú tó tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní .uk, .br, .cu, .bj fún Benin, .tg fún Togo. Ti Nàìjíríà, .ng, ní ọdún 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí ìkáwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yaba College of Technology ní Èkó.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbà wọ ilé àwọn ará wa ní Nàìjíríà yàtọ̀ sí tiwa. Kí GSM tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, wáyà tẹlifóònù gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Igbe módẹ́ẹ̀mù kò kan ilé púpọ̀. Sàìbá-kafé ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sórí tẹlifóònù alágbèéká. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún ẹ̀gbọ́n yín ní Ṣàgámù pé rúútà yín bàjẹ́, ó lè má yé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan iye "data" tí fọ́nrán ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń jẹ, ọ̀gá yín ni, nítorí pé òun ń rà á ní ìwọ̀n-ìwọ̀n bí ẹni ra gààrí, àwa ń san owó oṣù, a kì í sì í wo inú àpò.

Obìnrin kan tí ó yẹ kí á mọ orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn yìí ni Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olújìí, tí ó kàwé ní yunifásítì Ifẹ̀ àti ní Columbia ní New York. Ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà sí Nàìjíríà ní ọdún 2005. Ó dá ilé-iṣẹ́ MainOne sílẹ̀, ní ọdún 2010 wọ́n sì parí okùn kan tí ó gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà nísàlẹ̀ òkun, láti Portugal dé Èkó. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, okùn náà àti àwọn mẹ́ta mìíràn já nítòsí Abidjan. Ẹ ó rántí ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú yín pe ilé títí, kò wọlé, àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà kò sì rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé sátẹ́láìtì ló ń gbé ohùn wa lọ sókè ọ̀run. Rárá o, ìsàlẹ̀ omi ni púpọ̀ jùlọ rẹ̀ ń gbà, nínú okùn tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ.

Mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ iná tẹlifóònù àtijọ́ sọ́kàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti ń pa ètò wáyà àtijọ́ náà tì, wọ́n sì ti fi ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2027 ṣe gbèdéke. Ohùn pẹ̀lú ti di ìdì-ìdì nìyẹn, ẹ̀yìn rúútà ni wọ́n sì ń so tẹlifóònù ilé mọ́. Rúútà ń jẹ iná ilé. Bí iná ilé bá lọ, rúútà kú, tẹlifóònù kú. Fún ọ̀dọ́ tí ó ní alágbèéká lápò, èyí kì í ṣe ohun bàbàrà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tí ó ń dá gbé, tí wọ́n fi bọ́tìnnì ìpè pàjáwìrì kọ́ lọ́rùn kí ó lè tẹ̀ ẹ́ bí ó bá ṣubú. Orí wáyà tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́tìnnì náà ń bá lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, lẹ́yìn tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti kọ iṣẹ́ fún àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n yí wáyà wọn padà, ìjọba mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn kò ní fi ipá yí ti ẹnikẹ́ni padà títí tí wọn yóò fi mọ̀ dájú pé kò ní pa ẹni tí ó ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ lára.

Wọn kò lè dá ẹni tí wọn kò mọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ni ó gba lẹ́tà nípa rẹ̀ tí wọ́n kì í bọ ẹ̀yìn Bíbélì tàbí Kùránì, nítorí pé ọ̀rọ̀ rúútà àti broadband ni ó kún inú rẹ̀, wọ́n sì rò pé ìpolówó ọjà ni. Ẹ wá lẹ́tà náà rí. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù òbí yín, kí ẹ sọ fún wọn pé bọ́tìnnì pàjáwìrì wà nínú ilé, kí ẹ sì pe àwọn tí wọ́n fún un ní bọ́tìnnì náà pẹ̀lú láti bèèrè bóyá ó lè bá ìlànà tuntun ṣiṣẹ́. Ìlànà Ofcom sọ pé ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti pe 999 ní ẹ̀tọ́ sí ohun kan tí yóò jẹ́ kí ó lè pè é fún ó kéré tán wákàtí kan lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bátìrì lè ni, ó sì lè jẹ́ alágbèéká. Ẹni tí irú èyí bá tọ́ sí kì í sanwó rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìbéèrè rúútà àti módẹ́ẹ̀mù dá yín dúró, ẹ ti mọ èyí tí ó jẹ́ ògbufọ̀ àti èyí tí ó jókòó sí oríta.